Ọmọ Tó Mọ Ìṣirò Lọ́jà, Tó Sọ Ọ́ Nù ní Kíláàsì

Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn lówùúrọ̀ ní abúlé kan tó wà láàárín Ìgbọ́kọ̀dá àti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ẹrẹ̀ dúdú sì yọ lábẹ́ àwọn ilé onípákó tí àwọn baba ńlá Ìlàjẹ ti kọ́gbọ́n láti máa gbé ka orí òpó, ohùn kan wà tí í máa bo ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń kó àwọn alájàpá lọ sọ́jà mọ́lẹ̀: ohùn àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, tí wọ́n ń fi orin ka ìsọdipúpọ̀ eléje ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń mirí, tí wọ́n ń jù sọ́tùn-ún jù sósì, títí tí ẹni tó bá gbọ́ wọn láti inú ọkọ̀ yóò fi wí pé, ẹ wo bí ìwé ti ń wọ àwọn ọmọ yìí lára.

Yàrá ìkàwé náà kò ju ọ̀kan lọ, kíláàsì mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sí ojú pátákó, kí iṣẹ́ ìwé kejì má baà wọnú ti ìwé kẹta, kí ti ìwé kẹta má sì wọnú ti ìwé kẹrin. Bí ó bá parí pẹ̀lú àwọn kan, tó fẹ́ yíjú sí àwọn mìíràn, a kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sí ilé-ìwé rí ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dunjú: "Ṣé ó yé yín?" Wọn a sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ohùn tó ń mi pákó ilẹ̀, pé, "Ó yé wa, Àǹtí!"

Kò yé wọn. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ni olùkọ́ pè síwájú kí ó wá ṣe 650 lọ́nà 7. Ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó dojú kọ pátákó, ó kọ 650, ó kọ 7 sábẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí tí òógùn fi mú ṣọ́ọ̀kì rin lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kí ó lọ jókòó.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ yìí kan náà wà ní èbúté, edé gbígbẹ ìyá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ nínú abọ́ ńlá. Oníbàárà kan tó ti Òkìtìpupa wá ní kí ó wọn agolo méje fún òun, ní 650 náírà agolo kọ̀ọ̀kan, ó sì na ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sí i. Ọmọ náà kò wòkè, kò wolẹ̀. Ó ní agolo mẹ́ta jẹ́ 1,950, mẹ́ta mìíràn sọ ọ́ di 3,900, ọ̀kan tó kù gbé e dé 4,550. Ó sì ti ka 450 náírà ṣẹ́ńjì lé oníbàárà náà lọ́wọ́ kí onítọ̀hún tó di ẹnu àpò rẹ̀ tán.

Bí sáà bá parí, tí wọ́n gbé káàdì èsì jáde, ohun tí wọn yóò kọ síwájú ìṣirò ọmọ yìí ni pé kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni káàdì náà yóò pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo máàkì tó wà nínú rẹ̀ ló tọ́.

Àgbọn Recife

Kì í ṣe Ìlàjẹ nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Recife ní orílẹ̀-èdè Brazil, ní òdìkejì òkun alágbalúgbú tó ń gbá ẹsẹ̀ ilé wọn ní Àwóyè àti Ayétòrò yìí kan náà, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, tọ àwọn ọmọ márùn-ún kan lọ níbi tí wọ́n ti ń tajà. Wọ́n ṣe bí oníbàárà, wọ́n ń ná àgbọn àti èso, wọ́n ń béèrè iye owó àti ṣẹ́ńjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi ìwé àti pẹ́ńsù gbé irú ìṣirò kan náà ka iwájú àwọn ọmọ ọ̀hún.

Ìwádìí wọn jáde ní 1985. Nídìí ọjà, nínú ìbéèrè 100, àwọn ọmọ náà ń gba nǹkan bí 98. Ṣùgbọ́n nígbà tó di orí ìwé lásán, tí kò sí àgbọn, tí kò sí oníbàárà, tó ku kìkì nọ́ńbà àti àmì ìsọdipúpọ̀, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 37. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, tí wọ́n bi ní iye owó àgbọn mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 35, kò fi òdo sí ẹ̀yìn 35 bí ilé-ìwé ti ń kọ́ni. Mẹ́ta mẹ́ta ló ń kà á, 105, 210, 315, ó sì fi ọ̀kan tó kù gbé e dé 350. Àfi bí ẹni pé ọmọ elédé wa ló kọ́ ọ.

Àwọn àgbà wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wa lónìí, ọgbọ́n àgbà nìkan ni a ń lò. Èyí tí ọmọ gbé ti ilé wá, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ló ń já a sí pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá tó ń kọ́ ọmọ ní àwọ̀n

Kò sí Ìlàjẹ kan tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní àwọ̀n títún ṣe nípa pé kí ọmọ máa fi orin ka orúkọ okùn. Ṣe ni bàbá yóò pe ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òjìji, yóò tẹ́ ibi tí àwọ̀n gbé ya sórí itan, yóò ta kókó kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ojú ọmọ tó o, yóò sì gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n lé e lọ́wọ́ kí òun náà ta èkejì. Ìka ọmọ ni bàbá ń wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Bí kókó náà bá dẹ̀, bàbá yóò fi ìka kan ṣoṣo fà á, yóò tú, ọmọ yóò sì tún un ta lójú ẹsẹ̀. Kò ní fún un ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá kó sì jẹ́ kó máa lọ. Kò ní dúró di ìparí sáà. Ọjọ́ tí kókó ọmọ náà bá ti ń di dáadáa ni yóò gbé ibi tó ya jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ń kọ ìwé ńlá ńlá lé lórí lóde òní, pé kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, kí olùkọ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ ti ń lọ, kí àtúnṣe má pẹ́ dé, ló wà lábẹ́ òjìji yẹn. Ọpọ́n ayò náà ń bẹ, ihò 12, ọmọ ayò 48, tí àwọn ọmọdé ti fi ń kọ́ ìpín àti ìyọkúrò láìmọ̀ pé ìṣirò ni àwọn ń ṣe. Àlọ́ àpamọ̀ náà ń bẹ, níbi tí ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn kò ti lè fara pamọ́ sínú ohùn àwọn yòókù. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ sì tẹ Ayétòrò dó ní 1947, tí wọ́n dá ibi ìhunṣọ, ibi ìránbàtà àti ibi ìkanọkọ̀ sílẹ̀, tí gbogbo wọn ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń jùmọ̀ jẹun, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ ọ.

Bí ilé-ìwé ṣe di ilé ègbè

Ibi tí ègbè ti wọ kíláàsì wa jìnnà. Ní 1862, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin fún àwọn ilé-ìwé tirẹ̀ pé iye ọmọ tó bá yege níwájú ìsípẹ́kítọ̀ nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ni owó ìrànwọ́ ilé-ìwé yóò fi pọ̀ tàbí kéré. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nínú òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 tí wọ́n ṣe fún àwọn ibi tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Èkó, wọ́n gbé irú ètò náà kọjá sí ọ̀dọ̀ wa. Olùkọ́ tí owó ilé-ìwé rẹ̀ wà lórí ohun tí ọmọ yóò sọ níwájú ìsípẹ́kítọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ni kí ó ṣe bí kò ṣe kí ó kọ́ ọmọ ní àkọ́sórí? Àwọn tó dá a sílẹ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀ nílé wọn kí ọ̀rúndún náà tó parí. Àwa ṣì ń gbe ègbè rẹ̀.

Ìdí kejì ni pé oore ńlá lè bí ìnira. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún tẹrú-tọmọ, Ìlàjẹ náà sì wà lára agbègbè ọ̀hún. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé, tí wọn kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní 1954, fò sókè lọ́dún kan sí ohun tó lé ní 800,000. Ta ni yóò bu irú ètò bẹ́ẹ̀ kù? Ìdílé tí kò bá jẹ èso rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kò pọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í hù bí ewé, nígbà tí ọmọ bá sì kún kíláàsì dé ojú fèrèsé, ègbè ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi mú wọn dákẹ́ pẹ̀lú ariwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́

Ẹni tó bá rò pé àwa Yorùbá kò tíì dán ọ̀nà mìíràn wò rí, kí ó bi àwọn ará Mọ́dákẹ́kẹ́. Níbẹ̀, ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's A, ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation láti Amẹ́ríkà. Wọ́n mú àwọn ọmọ kan, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ wọn ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ; Gẹ̀ẹ́sì sì di iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ń bójú tó. Wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ lọ́nà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ìwé kíkà tó dára ń bẹ ní Yorùbá, Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ ìran dàgbà, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì tí yóò bá ọmọ dé ìwé kẹfà kò sí. Àfi kí wọ́n jókòó kọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ náà wò níkẹyìn, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ta àwọn yòókù yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Èyí ló ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu, nítorí ọmọ tí ó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí ló lè béèrè ìbéèrè, abéèrè ọ̀nà kì í sì í ṣìnà. Ọmọ tí kò gbọ́ yóò gbe ègbè ni.

Lórí omi, ọ̀rọ̀ yìí tún ní ìkọ́ kan nínú. Yorùbá inú ìwé kọ́ ni ọmọ Ùgbò tàbí ti Màhìn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ń sọ nínú ọkọ̀. Ìlàjẹ ló ń sọ, olùkọ́ tí ìjọba bá sì gbé wá láti ìhà òkè ìpínlẹ̀ lè má gbọ́ ìdajì rẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan tó jẹ́ ọmọ etí òkun gan-an, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, sọ pé ìpele mẹ́ta ni òun máa ń mú ọmọ gbà, kì í ṣe méjì: Ìlàjẹ ni òun ń fi ń ṣàlàyé, òun a wá sọ ọ́ ní Yorùbá ìwé, lẹ́yìn náà ni òun tó dé Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti bá òun wí rí, ó ní, pé òun ń sọ ẹ̀ka èdè ní kíláàsì.

Wá ibi tí ọmọ dúró

Àjọ UNICEF sọ pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 7 sí 14, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn, tí wọn kò sì lè ṣe ìṣirò tó rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́ o.

Ní Íńdíà, níbi tí irú ìṣòro yìí ti pọ̀, àjọ kan tí ń jẹ́ Pratham gba ọ̀nà kan tó rọrùn débi pé ojú lè ti àwọn tó ń ná owó ńlá. Ìwé pélébé kan ni: lẹ́tà díẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú kan, ìtàn kékeré kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dá jókòó ti olùkọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò kà á dé ibi tó bá lè kà á dé. Ibi tó bá dúró sí ni wọn yóò fi mọ ẹgbẹ́ tí yóò bá jókòó fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ìwé kẹta, ìbáà jẹ́ ti ìwé karùn-ún. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ bá Pratham yẹ iṣẹ́ yìí wò, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀-ajé ní 2019. Ọ̀nà náà sì ti dé òkè ọya Nàìjíríà.

Èrò tèmi ni pé etí òkun Ìlàjẹ ni ìbá yẹ kó kọ́kọ́ gbà á ní gúúsù. Kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àbùkù, ti wó ògiri ọjọ́ orí lulẹ̀ ná. Ohun tó kù ni kí a pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n mọ̀.

Àyẹ̀wò lóòrèkóòrè kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìwé òfin wa. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 ti ní kí a máa yẹ ọmọ wò láti ìgbà dé ìgbà dípò kí a fi gbogbo rẹ̀ sórí ìdánwò kan. Ẹ wá wo ohun tí a sọ ọ́ dà: ìdánwò kéékèèké tó ń kó 40 jọ de 60 ti ìdánwò ńlá. Máàkì ń pọ̀ sí i, àtúnṣe kò sí. Olùwádìí kan ní Ísírẹ́lì, Ruth Butler, ti fi hàn ní 1988 pé àwọn ọmọ tí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà sí iṣẹ́ wọn ṣe dáadáa sí i, àwọn tí wọ́n fún ní máàkì nìkan kò sún síwájú, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn tó gba máàkì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà náà kò sún síwájú. Bí ọmọ bá ti rí máàkì, kò tún ka ohun mìíràn mọ́.

Olùkọ́ abúlé wa kò gbọ́ orúkọ Butler rí. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ ló sọ fún un níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan pé kó yé béèrè "Ṣé ó yé yín?", kó máa ní kí wọ́n fi hàn òun. Ó lọ bá àwọn tó ń kan ọkọ̀, ó tọrọ àjákù pákó pẹlẹbẹ, ó fọ́ inú bátìrì tó ti kú, ó fi dúdú inú rẹ̀ kùn wọ́n, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní pátákó tirẹ̀, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó tún gbé 650 lọ́nà 7 síwájú wọn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Nígbà tó pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn gbé pátákó sókè.

Àwọn tó kọ 4,550 kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn yòókù kọ. Àwọn kan kọ 4,250: wọ́n ti mọ̀ pé 7 lọ́nà 5 jẹ́ 35, wọ́n kọ 5 sílẹ̀, wọ́n gbàgbé 3 tó yẹ kí wọ́n gbé lọ. Àwọn mìíràn kọ 42,350: wọ́n kọ 35 sílẹ̀ tòun ti gbogbo ara rẹ̀, wọ́n sì to 42 síwájú rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó tíì jẹ́ kí wọ́n rí i pé ipò nọ́ńbà ní iye tirẹ̀. Àṣìṣe kejì yìí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n èkíní. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni, oògùn ọ̀tọ̀ ló ń wò ó. Láti oṣù mélòó kan ni ohùn "Ó yé wa, Àǹtí" ti bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ó wá pe ọmọ elédé síwájú, ó sì ní kí ó sọ bí òun ti ń ṣe é ní èbúté. Ọmọ náà fi ìka rẹ̀ ka mẹ́ta, ó ka mẹ́ta, ó fi ọ̀kan lé e. Àwọn tó ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ ló ń bi í ní ìbéèrè. Olùkọ́ kọ ọ̀nà tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti inú ìwé, ó fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, ó sì ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Omi kò dúró

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kò sí ọgbọ́n ìkọ́ni tó lè kọ́ ọmọ nígbà tí olùkọ́ kò bá sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbé lọ sí abúlé orí omi ló ń gbé ní Ìgbọ́kọ̀dá. Bí omi bá le, tàbí bí owó epo ọkọ̀ bá gòkè, Ọjọ́rú ni ọ̀sẹ̀ wọn yóò bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni yóò sì parí. Ní Ayétòrò, òkun ti ń jẹ ìlú fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé-ìjọsìn, ó ti gbé ilé-ìwé, àwọn ìlérí odi ìdáàbòbò kò sì tíì dá a dúró.

Ìyá ọmọ elédé ní ojú òun náà là sí ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí edé bá ń pọ̀, ọwọ́ méjì kò tó òun. Hẹdimásítà kan ní èbúté mìíràn ní ohun tó ń dùn òun jù ni pé nígbà tí àwọn alábẹ̀wò bá fara da omi dé ọ̀dọ̀ àwọn, ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń béèrè, wọn a wo bóyá ọjọ́ pé lórí rẹ̀, wọn a buwọ́ lù ú. Kò sí èyí tó tíì ní kí ọmọ kan kàwé sí òun létí rí.

Lókè lọ́hùn-ún, ní Àbújá, ọ̀rọ̀ ń yí. Ní oṣù Bélú 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní oṣù kan náà ní 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó wà lórí àlééfà nígbà náà kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n bi olùkọ́ wa léèrè èyí tí yóò tẹ̀ lé nínú méjèèjì, ó ní òun kò tíì rí ìwé ti àkọ́kọ́ gbà kí èkejì tó dé, pé Ìlàjẹ ni àwọn ọmọ òun ń sọ ní tiwọn, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ní Àkúrẹ́, kí ó bá òun béèrè owó ọkọ̀.